Kì í Ṣe Ayé, Ẹ̀pà Ni

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Bí ọmọ ọdún méjì bá jẹ kúlíkúlì tán l'Ọ̀yọ́, tí ètè rẹ̀ wú, tí ara rẹ̀ sú, tó ń mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ilé ni pé, "Ta ló fún un ní nǹkan jẹ?" Wọ́n á wá ìyá àgbà kan ládùúgbò dẹ́bi fún. Ẹlòmíràn á sáré lọ bu epo pupa. Ìṣẹ́jú ń lọ.

Kì í ṣe ayé ló ń ṣe ọmọ yẹn. Álẹ́jì ni, èyí tó le tí wọ́n ń pè ní anaphylaxis: ara ọmọ ka ẹ̀pà sí ọ̀tá, ogun tó gbé tì í sì fẹ́ pa onílé. Ní 1902 ni Charles Richet àti Paul Portier ti fún un lórúkọ. Ní 1913 Richet gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Àjẹ́ wo la tún ń wá?

Àwọn kan á ní àìsàn òyìnbó ni. Irọ́ ni! Ṣebí àwa la ni èèwọ̀? Bí ẹnì kan bá ní ìdílé àwọn kì í jẹ òkété, ẹnikẹ́ni ò ní bá a jà. Wọ́n á se tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n kí ìyá ọmọ ní ọmọ òun kì í jẹ ẹ̀pà, wọ́n á ní àṣejù ni, wọ́n á tún yọ́ ọ fún ọmọ wò. Èèwọ̀ ìdílé lọ́wọ̀, èèwọ̀ ara ò ní? Kúlíkúlì inú yájì oní-súyà, edé inú mọ́ínmọ́ín, wàrà tí wọ́n ń kiri l'Ógbómọ̀ṣọ́: ọmọ tí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́ lè bá a lọ.

Báyìí náà la ṣe àbíkú títí. Lónìí, ta ló máa ṣègbéyàwó láì béèrè genotype? A lè kọ́ èyí náà.

Epo pupa ò lè ṣe é. Piriton lè dín ara yíyún kù, kò lè ṣí ọ̀nà ọ̀fun tó ń dí. Abẹ́rẹ́ adrenaline ni oògùn rẹ̀, níta itan, kíákíá. Owó péènì òyìnbó wọ́n, àmọ́ adrenaline inú ìgò kékeré wà lára àwọn oògùn kòṣeémánìí ti WHO. Mílígíráàmù 1 ló máa ń wà nínú mìlílítà 1, 0.15 mìlílítà ló tó ọmọ oníkílò 15. Nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n gún. Kó tó débẹ̀, ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí kò bá lè mí dáadáa, ẹ gbé e jókòó. Ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu. Bó bá sàn, ẹ má tíì lọ sílé. Ó lè padà wá láàárín wákàtí díẹ̀.

Ẹjọ́ ilé ìwòsàn náà wà ńlẹ̀. A ti dúró níwájú kàńtà rí, ọmọ lọ́wọ́ wa, tí wọ́n ní ká lọ gba káàdì ná. Káàdì! Òfin Ìlera ti 2014, abala 20, ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì. Owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni, tàbí méjèèjì. Àwọn mìíràn á ní, "Ẹ máa gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọsibítù ńlá wà níbẹ̀." Ó wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bíi 50 kìlómítà ni láti Ọ̀yọ́, ọ̀fun tó ń dí ò sì ní dúró de tírélà kó yà fún wa.

Níbi iṣẹ́ àwa tí à ń kọ sọ́fítíwia, bí sáfà bá kú lóru, ohun tí a máa kọ́kọ́ ṣe ti wà nínú ìwé. A kì í béèrè ta ló ṣépè. Kí ilé ìlera kọ̀ọ̀kan, láti Akẹ̀sán dé Tákíè, ní adrenaline, kí wọ́n lẹ ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ ògiri. Kí ilé ìwé jẹ́léósinmi kọ èèwọ̀ ara ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ lọ sí ilé ìlera tó sún mọ́ yín lọ́la, ẹ béèrè: "Ṣé ẹ ní adrenaline?" Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ má dákẹ́.