Ẹ̀rọ Tó Yẹ Kó Kọ́kọ́ Wọ Àpò Ẹni Tó Ń Lọ Sínú Igbó Ọsirélíà

Ní Ọsirélíà, ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ mélòó kan rìn nínú igbó jíjìn nílò ohun tí yóò fi mọ ibi tó wà, ó sì nílò ohun tí yóò fi ké sí èèyàn bí ewu bá dé. Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ kìíní, ọ̀tọ̀ ni ìkejì. Fóònù ọwọ́ ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, nítorí pé láàárín ìlú ó ń ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Ọsirélíà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé. Láàárín àwọn òkè gúúsù ìwọ̀-oòrùn Tasmania, èèyàn lè rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí fóònù rẹ̀ má gbé àmì kankan wá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Blue Mountains, lẹ́bàá Sydney, ní oṣù Kejìlá ọdún 2006 kò yẹ kó di ìgbàgbé. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́nà Mount Solitary, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì díẹ̀, ó pe 000, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn, léraléra. Orúkọ títì ni àwọn tó gbé ìpè náà ń bi í, bẹ́ẹ̀ inú igbó ló wà. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó rí òkú rẹ̀. Ìpè rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó sọ ibi tó wà fún wọn. Lónìí, áàpù Emergency Plus tí ìjọba wọn ṣe máa ń gbé ibi tí olùpè wà sójú fóònù kó lè kà á fún wọn. Ó dára púpọ̀, àmọ́ kò wúlò láti pe ẹnikẹ́ni níbi tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé PLB (personal locator beacon) ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ẹ̀rọ yòókù. Ẹ̀rọ kékeré tí kò kún ọwọ́ ni. Bí wọ́n bá na éríálì rẹ̀ tí wọ́n sì tẹ bọ́tìnì, yóò máa fi àmì ránṣẹ́ lórí 406 MHz sí àwọn sátẹ́láìtì Cospas-Sarsat. Amẹ́ríkà, Kánádà, Faransé àti Soviet Union ló jọ dá ètò yìí sílẹ̀, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Soviet ṣì ń wo ara wọn bí ọ̀tá. Ọdún 1982 ni sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ sókè, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi gba ẹ̀mí là, ní Kánádà. Nàìjíríà wà níbẹ̀ pẹ̀lú: NEMA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ló ń bójú tó ibùdó tiwa ní Abuja. Ní Ọsirélíà, AMSA, àjọ tó ń rí sí ààbò lórí omi, ló ń gba àmì náà ní Canberra, òun àti ọlọ́pàá sì ni wọ́n ń ṣètò bí hẹlikópítà tàbí àwọn adóòlà yóò ṣe lọ.

PLB tó ní GPS nínú máa ń tọ́ka ibi tí onítọ̀hún wà láàárín nǹkan bí mítà 120. Èyí tí kò ní in lè ṣì í tó kìlómítà 5, ó sì lè gba wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó mọ ibẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra irú èyí mọ́. Kò sí owó oṣooṣù lórí PLB, kò sí pé à ń chájì rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ máa ń pẹ́ ọdún púpọ̀, ọjọ́ tí yóò parí sì wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24 ó kéré tán. Ọ̀fẹ́ ni fíforúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ AMSA, òfin ló sì pàṣẹ rẹ̀. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń tún un ṣe. Ìforúkọsílẹ̀ yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n lè pe ará ilé láti bèèrè ẹni tó jáde lọ àti ọ̀nà tó gbà. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti London tàbí Houston kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé àmì orílẹ̀-èdè ibi tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ rẹ̀ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò sì ká ríra PLB kò ní àwáwí ní Blue Mountains: wọ́n ń yáni lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Ohun tí PLB lásán kò lè ṣe ni kó bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ tó sì ń gba èsì, bíi Garmin inReach, ló ń ṣe ìyẹn. Sátẹ́láìtì 66 tí Iridium ń lò bo gbogbo ayé ló ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀, èèyàn lè sọ pé ẹsẹ̀ ló kán, tàbí pé odò ló kún, òun yóò pẹ́ ní ọjọ́ kan, kí wọ́n má bàa máa wá a kiri. Ẹni tó ń kó àwọn ẹlòmíì lẹ́yìn yẹ kó ní in kún PLB. Ṣùgbọ́n owó ń lọ lórí rẹ̀, ó sì ń fẹ́ chájì. iPhone náà ti lè pe fún ìrànlọ́wọ́ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì ní Ọsirélíà láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023, bẹ̀rẹ̀ láti orí iPhone 14. Ìrètí ìkẹyìn ni kó jẹ́, torí bátìrì kan náà ni wọ́n fi ń ya fọ́tò tí wọ́n sì fi ń wo máàpù, òtútù orí òkè sì máa ń tètè fà á gbẹ.

Ní ti mímọ ọ̀nà, GPS dára, ṣùgbọ́n gbígbà nìkan ló ń gbà. Kì í sọ ibi tí èèyàn wà fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n ti gba máàpù sórí fóònù láti ilé, kí wọ́n sì mú máàpù bébà 1:25,000 dání, èyí tí sẹ̀ǹtímítà kan rẹ̀ jẹ́ mítà 250. Máàpù àtijọ́ tí wọ́n fi ìlànà ìwọ̀n AGD66 yà máa ń fi nǹkan bí mítà 200 yàtọ̀ sí ohun tí GPS ń sọ. Kọ́ńpáàsì náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ní agbègbè Sydney, abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń yà sí ìlà-oòrùn àríwá gidi ní nǹkan bí dígírì 13. Ẹni tí kò bá ṣírò rẹ̀ yóò ti ṣìnà ju mítà 200 lọ kó tó rin kìlómítà kan. Kọ́ńpáàsì tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù tún lè máa fi abẹ́rẹ́ gbo ìsàlẹ̀ níbẹ̀, kó má yí dáadáa.

Kí ẹnikẹ́ni tó jáde nílé, kí ó fi ọ̀nà tí yóò gbà àti ọjọ́ tí yóò padà sílẹ̀ fún ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Ìgbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu nìkan ni wọ́n ń tẹ PLB. Bí wọ́n bá sì ti tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n gbé e síbi tí ojú ọ̀run ti hàn, kí wọ́n dúró tì í, kí wọ́n má sì pa á títí àwọn adóòlà yóò fi ní kí wọ́n pa á.