Nọ́ńbà mẹ́fà lójú fóònù: ta la ń ṣílẹ̀kùn fún nígbà tí a bá tẹ "Associer"?

Níbi ìnáwó kan tí a lọ láìpẹ́ yìí, wọ́n gbé baffle Bluetooth kan sí àárín àgbàlá. Bí ẹnì kan bá ti fi orin tirẹ̀ sí i tán, ẹlòmíràn á so fóònù tirẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó yá, nọ́ńbà mẹ́fà yọ lójú fóònù ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó tì wá, fóònù náà sì ń bi í bóyá ó gbà. Ẹ̀gbọ́n wa ò tiẹ̀ ka nọ́ńbà náà. Ó tẹ "Associer", ó ti fóònù bọ àpò. A bi í pé: "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń bèèrè?" Ó ní: "Ṣé kì í ṣe baffle yẹn ni?"

Kì í ṣe baffle o. Irú baffle bẹ́ẹ̀ ò ní ojú tó lè fi nọ́ńbà hàn, kì í bèèrè nọ́ńbà mẹ́fà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fóònù ẹlòmíràn ló ń kan ilẹ̀kùn. Ó lè jẹ́ ọmọdé kan ló ṣèèṣì tẹ orúkọ tí kì í ṣe ti baffle, ó sì lè má jẹ́ àṣìṣe. Ẹ̀gbọ́n wa ò mọ̀, àwa náà ò mọ̀. Ohun tó dájú ni pé ilẹ̀kùn ti ṣí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa nítorí ohun tó wà nínú fóònù lónìí. Tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà àwọn ará ilé nìkan ló wà níbẹ̀. Ní báyìí, owó MoMo wà níbẹ̀, Moov Money wà níbẹ̀, fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ wà níbẹ̀, àti gbogbo ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ohùn sọ fún ẹbí lórí WhatsApp. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa, ká mọ ibi tí ewu wà àti ibi tí kò sí.

Kóòdù àtijọ́ àti nọ́ńbà òde òní

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣì rántí 0000 àti 1234. Lórí àwọn fóònù àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ so ẹ̀rọ méjì pọ̀ ní láti tẹ kóòdù kan náà sí méjèèjì, kóòdù yẹn ló sì ń ṣe iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe écouteur àti rédíò mọ́tò ń fi 0000 tàbí 1234 sí ẹ̀rọ wọn láti ilé iṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo ìlú ní lọ́wọ́, ṣé a ṣì lè pè é ní kọ́kọ́rọ́?

Ní 2007, àwọn tó ń darí Bluetooth yí ìlànà yìí padà nínú ẹ̀dà 2.1. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ méjì tó fẹ́ so pọ̀ ń ṣírò kọ́kọ́rọ́ tiwọn fúnra wọn. Tó bá jẹ́ fóònù méjì ni, wọ́n á wá fi nọ́ńbà mẹ́fà han àwa èèyàn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe àṣírí, kò sí ohun tí a fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀. Wọ́n fi hàn wá kí á lè fi méjèèjì wéra ni. Tí nọ́ńbà ojú fóònù mi bá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ojú fóònù rẹ, a mọ̀ pé àwa méjì là ń bá ara wa sọ̀rọ̀, kò sí ẹnì kẹta láàárín. Tí wọn ò bá bára mu, ká má gbà. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá tẹ "Associer" láìwo fóònù ẹnìkejì ti ní kí ẹ̀ṣọ́ máa lọ sílé.

Ti baffle àti écouteur yàtọ̀. Nítorí pé wọn ò ní ojú, wọn ò lè fi nọ́ńbà hàn, wọ́n kàn ń so pọ̀ ni. Tí baffle bá ti ń wá ẹni tó máa so mọ́ ọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gbà á. Ìdí nìyẹn tí ọmọ aládùúgbò fi lè dédé gbé orin tirẹ̀ sórí baffle yín láti ẹ̀yìn ògiri.

Ògiri tó lanu

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tí ògiri Bluetooth ti ń lanu, tí wọ́n sì ń rẹ́ ẹ.

Ní 2004, kòkòrò kan tí wọ́n pè ní Cabir ń ti ara fóònù kan bọ́ sí òmíràn nípasẹ̀ Bluetooth, lórí àwọn fóònù Nokia ìgbà yẹn tó ń lo Symbian. Cabir kì í já ilẹ̀kùn. Ó ń bèèrè àyè ni, onífóònù fúnra rẹ̀ ló ń tẹ "bẹ́ẹ̀ni". Nígbà tí ìbéèrè bá ń yọ lemọ́lemọ́, tó sú èèyàn, á tẹ̀ ẹ́ kó lè sinmi.

Ti 2017 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ilé iṣẹ́ Armis kéde àwọn ihò tí wọ́n sọ ní BlueBorne, wọ́n sì fojú bù ú pé ó kan ẹ̀rọ tó lé ní 5 bílíọ̀nù. Níbi tí fóònù bá ti ní ihò yìí, olè ò nílò kí onífóònù gba ohunkóhun. Kí Bluetooth ṣáà ti wà ní títàn ni. Ní 2019, àwọn olùwádìí mìíràn fi KNOB hàn: ẹnì kan lè tan ẹ̀rọ méjì kí wọ́n lo kọ́kọ́rọ́ tó kéré débi pé ó rọrùn láti mọ̀. Ní 2023, olùwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ EURECOM ní gúúsù ilẹ̀ Faransé tún gbé òmíràn jáde tó pè ní BLUFFS.

Èyí tó kàn wá jù ni ti oṣù Kejìlá 2023. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Marc Newlin fi hàn pé kọ̀ǹpútà lè pe ara rẹ̀ ní clavier Bluetooth, kó so mọ́ fóònù Android láìjẹ́ pé onífóònù tẹ ohunkóhun, kó sì máa kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù náà bí ẹni pé ọwọ́ onífóònù ló ń tẹ̀ ẹ́. Google ṣe àtúnṣe fún Android 11 títí dé 14. Android 10 àti àwọn tó wà ṣáájú rẹ̀ ò rí àtúnṣe gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó fẹ́ ṣe irú èyí ní láti mọ iṣẹ́ náà, ó sì ní láti wà nítòsí. Bluetooth inú ọ̀pọ̀ fóònù kì í sábà kọjá nǹkan bíi mítà mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ tó lágbára lè mú un láti ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Tí a bá sì pa Bluetooth, ògiri ti padé nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ni tí kì í tán

Ewu tó sún mọ́ wa jù ò nílò ọ̀mọ̀wé kankan. Ó wà nínú pé fóònù kì í gbàgbé. Ẹni tí a gbà lẹ́ẹ̀kan, títí lọ la gbà á, àfi tí a bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. A ṣí ọ̀kan nínú fóònù tiwa wò kí á tó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ mọ́kànlá la bá níbẹ̀. Rédíò mọ́tò taxi kan tí a wọ̀ láti Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu wà lára wọn, a ò sì rántí ojú awakọ̀ náà mọ́.

Ẹ wo ti rédíò mọ́tò yìí dáadáa. Nígbà tí fóònù bá fẹ́ so mọ́ ọn, ó sábà máa ń bèèrè bóyá ká jẹ́ kí mọ́tò rí "contacts" àti "historique des appels". Nítorí orin la ṣe fẹ́ so ó, a ò kì í kà á, a kàn ń gbà ni. Bí a bá gbà, rédíò náà lè da orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo èèyàn wa kọ sínú ara rẹ̀, àti àwọn tí a pè láìpẹ́. Nígbà mìíràn ó tún máa ń bèèrè láti ka SMS. A sọ̀ kalẹ̀, àwọn orúkọ yẹn lè ṣì wà nínú mọ́tò.

Kí ló burú níbẹ̀? Ẹ rántí ìpè tí ọ̀pọ̀ ilé ti gbà: "Màmá, ọmọ yín ni o, mo wà ní ọsibítù, ẹ tètè fi owó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yìí." Ẹni tó bá mọ̀ pé "Ìyá Kétu" ni a kọ sórí nọ́ńbà ìyá wa, tó sì mọ orúkọ àbúrò wa, ti rí ìdajì irọ́ rẹ̀ gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Bluetooth nìkan ò lè kó owó MoMo lọ, torí MoMo ní kóòdù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè fún olè ní ọ̀rọ̀ tó máa fi mú kí á fọwọ́ ara wa fi owó ránṣẹ́.

Ohun kan tún wà lórí Android tó ń jẹ́ "appareil de confiance". Ẹni tó bá ti sọ écouteur rẹ̀ di ẹ̀rọ tí fóònù fọkàn tán, fóònù náà lè wà ní ṣíṣí fún wákàtí mélòó kan, níwọ̀n ìgbà tí écouteur bá wà nítòsí. Ó rọrùn lóòótọ́. Àmọ́ inú àpò kan náà ni fóònù àti écouteur sábà máa ń wà. Ẹni tó bá jí àpò ti gbé ilé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.

Ta ló yẹ kó gbé ẹrù yìí?

Wọn a máa sọ fún wa pé: "Ẹ ṣe mise à jour." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Fóònù àlòkù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà, láti Kútọnu, láti Èkó tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ti Faransé bọ̀. Nígbà tí fóònù náà bá fi dé Sábẹ̀ẹ́ tàbí Pobè, ẹni tó ṣe é ti lè pa á tì, mise à jour ò wá mọ́. Onífóònù lè tẹ bọ́tìnì náà láti àárọ̀ dalẹ́, fóònù á máa sọ fún un pé kò sí nǹkan tuntun. Ẹni tó lówó ra fóònù tuntun ń gba àtúnṣe, ẹni tó ra ti ọdún méje sẹ́yìn ń jókòó ti ògiri tó lanu. A ò lè dá onífóònù lẹ́bi fún èyí. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe fóònù ni, àti ti àwọn ìjọba tó ń gbà á wọlé láìbèèrè pé ọdún mélòó ni wọ́n máa fi ṣàtúnṣe rẹ̀.

Òfin wà o. Ní Bẹ̀nẹ̀, Code du numérique, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 2018, fi ìyà sí ẹni tó bá wọ inú ẹ̀rọ ẹlòmíràn láìgbàṣẹ. Tógò ní tirẹ̀, òfin 2018-026 ti ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2018. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí olè bá ti jà tán ni òfin ń dé. Kò lè rẹ́ ògiri fún wa.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Ìwọ̀nba tí a lè ṣe nìyí, kò sì gba owó:

1. Tí a ò bá lo Bluetooth, ká pa á, pàápàá lọ́jà, ní gáréèjì àti níbi ìnáwó. Fún ẹni tí fóònù rẹ̀ jẹ́ Android 10 tàbí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀, èyí ni àtúnṣe tó dára jù tó kù fún un.

2. Tí nọ́ńbà mẹ́fà bá yọ, ká wo fóònù kejì. Tí wọn ò bá dọ́gba, tàbí tí a ò mọ ẹni tó ń bèèrè, "Annuler" ni ká tẹ̀.

3. Ká lọ sí "Paramètres", lẹ́yìn náà "Appareils connectés" tàbí "Bluetooth". Ẹ̀rọ tí a ò mọ̀ tàbí tí a ò lò mọ́, ká tẹ "Dissocier" tàbí "Oublier" sí i lẹ́nu.

4. Nínú mọ́tò tí kì í ṣe tiwa, ká má gbà kó rí contacts tàbí SMS. Orin ò nílò wọn.

5. Tí ẹnì kan bá fi fáìlì ránṣẹ́ tí a ò retí, "Refuser" ni. Tó bá jẹ́ pé fáìlì náà ń bèèrè pé ká "Installer" òun, ká tilẹ̀ pa á rẹ́ kíá.

6. Kí á tó ta fóònù, ká ṣe "Réinitialiser" tó ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti kó fọ́tò wa kúrò. Bákan náà ni tí a bá ra àlòkù, ká tó fi síìmù wa sí i.

Níbi ìnáwó ọjọ́ yẹn, a bẹ ẹ̀gbọ́n wa kó yọ fóònù jáde. A jọ wá orúkọ náà, a rí i: fóònù kan tí kò mọ olówó rẹ̀. A tẹ "Dissocier", ó kúrò. Gbogbo rẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó wá bi wá pé: "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyàwó mi nílé?" A ní ó ṣeé ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn kà á tán kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Àwọn bàbá àti ìyá wa tí kò lè ka Faransé ojú fóònù ni wọ́n ń tẹ "bẹ́ẹ̀ni" jù, torí wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń bi wọ́n. Ní alẹ́ òní, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bá wọn ṣí i wò.