Kí Ni Ó Ń Pa Àwọn Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ Òfurufú Kéékèèké Wa?

Ailegun, ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, kò jìnnà sí pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Ariwo bàálù kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé olówó nìkan ni ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àìlówó ni ó ń pa àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí: epo wọ́n, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ra ohun èlò. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àìbójútó ọkọ̀ ni àrùn tí ó burú jù.

Ẹ wo Bellview. Ní 1992 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Èkó. Ọkọ̀ háyà ni ó fi bẹ̀rẹ̀, kí ó tó máa kó èrò lọ sí Àbújá, Accra àti Freetown. Àwọn èrò fọkàn tán an gidigidi. Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 2005, ọkọ̀ rẹ̀ kan gbéra ní Èkó, ó ń lọ sí Àbújá. Kò pẹ́ tí ó fi já sí abúlé Lísà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ènìyàn 117 ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan kò yè. Àwọn olùwádìí kò rí ẹ̀rí tí ó dájú nípa ohun tí ó fà á. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọkọ̀ náà ní àbùkù tí kò yẹ kí ó fi gbéra, àti pé àjọ ìjọba kò ṣọ́ ilé-iṣẹ́ náà tó. Ní 2009, Bellview kógbá sílé.

Àwọn kan lè sọ pé bí àyẹ̀wò bá le jù, owó ọkọ̀ yóò gbówó lórí. Ẹ bi wọ́n pé: èwo ni ó wọ́n ju ẹ̀mí lọ? Bí mólúè bá bàjẹ́ ní Òṣòdì, èrò yóò sọ̀ kalẹ̀. Ta ni yóò sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀run? Nígbà tí ọkọ̀ Dana já sí Ìjú-Ìṣàgá ní 2012, ó pa àwọn tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú.

Òfin 2006 fún àjọ náà ní òmìnira, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Kí wọ́n máa fi èsì àyẹ̀wò ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan han ará ìlú. Àrùn ni a ń wò, a kì í wo ikú.