Ilé Ẹjọ́ Ṣí Sílẹ̀, Ta Ló Lè Dé Ibẹ̀?

Olóòtú,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ní àìmọ̀kan ló ń fi ìyà jẹ tálákà níwájú òfin. Mo ta kò ó.

Àbúrò bàbá mi, àgbẹ̀ ni wọ́n níbí ní Ìtàjí. Ọ̀rọ̀ ààlà oko ló gbé wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò látìmọ́lé. Gbogbo àwa tí a lọ gbà wọ́n la kà á lára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, síbẹ̀ ìgbà tí a ta èbù iṣu ọdún náà tán la tó rí wọn mú wálé. Ṣé àìmọ̀kan nìyẹn?

Òfin ò burú. Abala 35 ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ẹni tí wọ́n mú dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40. Abala 36 fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn tí kò gbọ́ èdè ilé ẹjọ́ ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọdún 1976 ni Legal Aid Council sì ti wà, kí aláìní lè rí lọ́yà.

Ṣùgbọ́n lọ́yà tó jókòó sí Adó, ta ni yóò sọ fún un pé àgbẹ̀ kan wà látìmọ́lé lọ́nà jíjìn? Kí àjọ náà rán lọ́yà wá sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé lọ́jọ́ ọjà. Kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sára ògiri kan náà tí wọ́n kọ béèlì ọ̀fẹ́ sí.

Ọmọ Ìtàjí,
Ìtàjí-Èkìtì