Ẹ Jẹ́ Kí Màríà Sunkún Tán

Sí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ àṣàrò Ìhìnrere ojoojúmọ́: ẹ̀yin Fádà, ẹ̀yin kátíkíìsì, àti ẹ̀yin ọmọ ìjọ tí ẹ fínnú-fíndọ̀ gbé iṣẹ́ náà lé èjìká.

Ẹ kú àìsùn, torí mo mọ̀ pé àṣàrò tó ń wọ fóònù mi ní aago márùn-ún ìdájí, ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́ lóru. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ìyá àgbà kan wà ládùúgbò wa tí ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Kí n tó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, mo máa ń ka Ìhìnrere ọjọ́ náà fún wọn, màá sì ka àṣàrò yín tẹ̀ lé e. Lọ́dún kan, inú Lẹ́ńtì ni wọ́n sin ọkọ wọn. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, a ka ti Màríà Magidalénì, tó dúró lẹ́nu ibojì tó ń sunkún, tó rí Jésù, tó ṣèbí olùṣọ́gbà ni. Mo bọ́ sórí àṣàrò. Ìlà kejì ti ní kí ìyá nu omijé nù, pé ọdún yìí ni àyípadà wọn dé. Ìlà karùn-ún ní kí wọ́n pariwo "mo gbà á" lẹ́ẹ̀méje.

Ìyá ní kí n dúró ná. "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí obìnrin yẹn kò fi dá a mọ̀? Ṣebí ó ti ń tẹ̀ lé e tipẹ́?" Mo wá ìdáhùn nínú àṣàrò náà títí. Kò sí.

Ẹ kì í jẹ́ kí Màríà sunkún tán. Bẹ́ẹ̀ sì ni inú ẹkún yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú Ìhìnrere Jòhánù, àwọn áńgẹ́lì bi í pé kí ló ń pa á lẹ́kún, Jésù náà bi í; kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́. Ìgbà tí Jésù pe orúkọ rẹ̀ ló tó mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ọ̀pọ̀ ìwé kíkà ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe rí nìyẹn. Lọ́jọ́ Rú, a ka ti ọmọ ẹ̀yìn méjì tó ń rìn lọ sí Émáúsì, nǹkan bíi kìlómítà 11. Jésù dara pọ̀ mọ́ wọn lọ́nà, wọn kò mọ̀ ọ́n àfi ìgbà tó bu búrẹ́dì. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó dúró létí òkun, àwọn ọmọ ẹ̀yìn méje tó wà nínú ọkọ̀ kò mọ̀ pé òun ni. Àwọn tó bá a jẹ, tó bá a mu, nìwọ̀nyí o.

Ti ọjọ́ Ẹtì yẹn ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹja 153 nínú àwọ̀n wọn! Ọdọọdún ni àwọ̀n wa ń kún, ọdọọdún lẹ ń ní ká lọ wá àpò ńlá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wọ́ àwọ̀n dé èbúté, Jésù ti dáná, ẹja àti búrẹ́dì ti wà nílẹ̀. Iná èédú ni. Ọ̀rọ̀ tí Jòhánù lò fún iná náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló jẹ yọ nínú Májẹ̀mú Tuntun: ní àgbàlá olórí àlùfáà, níbi tí Pétérù ti ń yáná tó sì sẹ́ Jésù, àti níbí, níbi tí Jésù ti máa bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó fẹ́ràn òun. Bí èéfín náà ṣe kan Pétérù nímú, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. (Àwọn kan nínú yín kò ní sọ ti èédú, wọ́n á máa fa ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì fún "ìfẹ́" yọ. Ìyá tí mò ń kàwé fún mọ iná èédú dáadáa. Wọn kò gbọ́ Gíríìkì.)

Mi ò tíì rí ẹni tó kọ nǹkan gidi lórí ti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyẹn owó tí àwọn olórí àlùfáà fún àwọn ẹ̀ṣọ́ kí wọ́n lè sọ pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù ló jí òkú rẹ̀ gbé nígbà tí àwọn sùn. Ẹni tó sùn, báwo ló ṣe rí olè? Ní Nàìjíríà tiwa yìí, ó yẹ kẹ́nu yá wa níbẹ̀.

Èyí tó burú jù ni Jòhánù orí 6. Láti ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì Àjíǹde títí dé Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ kẹta, òun là ń kà, àfi lọ́jọ́ Àìkú àti bí àjọ̀dún ẹni mímọ́ kan bá já lu ọjọ́ kan níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, búrẹ́dì 5 àti ẹja 2 bọ́ ọkùnrin bíi 5,000, àṣàrò yín á máa dún bí ìlù. Ọjọ́ Ajé dé, Jésù bá àwọn èrò yẹn wí pé torí oúnjẹ tí wọ́n jẹ yó ni wọ́n ṣe ń wá òun kiri. Àṣàrò ọjọ́ náà ńkọ́? Oúnjẹ lẹ tún ń ṣèlérí! Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìwé kíkà àkọ́kọ́ ń sọ bí wọ́n ṣe sọ Sítéfánù lókùúta pa, ẹ̀yin ń sọ fún wa pé ọfà ọ̀tá kò ní bà wá. Ó ba Sítéfánù. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀yìn padà lẹ́yìn Jésù torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Nínú àṣàrò yín kì í le rí.

Mo mọ ohun tó ń fà á. Àwọn ìwé kíkà àárín ọ̀sẹ̀ ní àsìkò Àjíǹde kì í yí padà lọ́dọọdún, nítorí náà ti èṣí ló ń padà wá, pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì nísàlẹ̀. Èyí tí "Àmín" bá sì pọ̀ nínú rẹ̀ ni àwa òǹkàwé ń fi ránṣẹ́ síra wa. Ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà fún wa. Ẹ fi àdúrà sí ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tẹ́ ẹ rí nínú Ìhìnrere, kódà kó jẹ́ ohun tó rú yín lójú. Ìlà mẹ́ta tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo pa fóònù, mo ń múra àtilọ. Ìyá dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá dá ara wọn lóhùn: "Àbí omi ló kún un lójú ni?"

Èmi ni,
Ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín.