Ohun Tó Ń Dunni Ní Í Pọ̀ Lọ́rọ̀ Ẹni

Ọmọdé tó mọ òwúrọ̀ yàtọ̀ sí alẹ́ mọ ìtumọ̀ òwe yìí, nítorí náà èmi kò ní fi àlàyé rẹ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró; ohun tí ó mú mi gbé kálàmù ni ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà obìnrin kan sọ níbi ìkómọjáde kan ní Igbóṣéré, nítòsí Campos, l'Ékòó, nígbà tí ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí ń wọn agbádá fún oníbàárà, tí ó sì bèèrè létí ọmọ náà pé kí ni irú rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ sí.

Ìkà ni ọ̀rọ̀ náà. Egungun a máa ro ọmọ yìí, nítorí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé a máa dí òpó ẹ̀jẹ̀, pàápàá bí òtútù bá mú un, bí ibà bá dé, tàbí bí omi bá dín lára rẹ̀. Síbẹ̀ iṣẹ́ ọrùn agbádá nìkan ni ó kún ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí yóò ṣe gún tí yóò sì pé, a jẹ́ pé ohun tí ó ń dùn ún jù nìyẹn. Àwa tí ara wa le ni a fi ìrora rẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ sọ láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ní àánú ni. Àánú tí kò bu omi, tí kò ra oògùn, tí ó ń wọn pósí fún alààyè, n kò gbà á láàánú.

Bí a kò bá kú, ìṣe kò tán: òwe tí ó tọ́ sí ọmọ yìí nìyẹn. Ẹ gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀: ọdún 1910 ni dókítà James Herrick kọ̀wé nípa sẹ́ẹ̀lì bíi dòjé yìí ní Chicago. Síbẹ̀, ní 1925 ni wọ́n bí Alhaja Aṣíátà Oníkòyí-Làgúdà, ọmọ Èkó akéte, arómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, sí ayé tí ó ṣì ń pe ọmọ tí ó ní àrùn yìí ní àbíkú, tí ń sọ ọ́ ní Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́, obìnrin náà sì gbé àrùn yìí kọjá 90 ọdún. Nígbà èwe rẹ̀, kò sí àjọ Sickle Cell Foundation tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyànjú àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1994, tí ilé rẹ̀ wà ní Ìdí-Àràbà. Adùn ayé kì í dúró de ọjọ́ tí ìrora yóò tán, nítorí ọjọ́ náà lè má dé. Ọjọ́ tí ara bá dá ọmọ yìí ni ó ń rán aṣọ, ọkàn rẹ̀ a sì balẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣàánú rẹ̀, kí ó gbé aṣọ wá, kí ó san owó díẹ̀ sílẹ̀, kí ó má sì bínú bí kíráísì, ìyẹn ìrora egungun náà, bá yẹ ọjọ́ tí wọ́n dá.