Ọ̀NÀ OKO LÓ YẸ KÍ ÌJỌBA KỌ́KỌ́ ṢE

 

Ọ̀rọ̀ títì la fẹ́ sọ. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, kìlómítà 157. Ní 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ títì ńlá etí òkun láti Èkó dé Kàlàbá, kìlómítà 700. Owó tí wọ́n pè é lé ní tírílíọ̀nù náírà 15. A ò ní kò dáa. Àmọ́ ṣé òun ló kàn?

Iṣu kì í ta nínú Ìbàdàn o. Àgọ́-Àrẹ, Tedé àti Ṣakí níbí ni wọ́n ti ń kọ ebè. Kí iṣu tó dé títì ọlọ́dà, ó ti la ọ̀nà oko tí àgbàrá ti gbẹ́ kọjá. Lásìkò òjò kan, mọ́tò tó kó iṣu wa rì sínú ẹrẹ̀, ó sùn síbẹ̀ lóru méjì. Ká tó dé Bódìjà, èyí tó máa ṣẹ́ ti ṣẹ́, èyí tó máa rà ti rà. Awakọ̀ gba owó ẹ̀ pé, àwa la jẹ gbèsè. Owó àjọ sì ni.

Ìyà náà ò mọ sọ́dọ̀ wa. Owó tí ọ̀nà burúkú bá gbà lọ́wọ́ wa, orí iṣu la ń gbé e lé. Ará Èkó tó ń pariwo pé oúnjẹ wọ́n, owó kòtò ọ̀nà tiwa ló ń san.

Ẹ wo ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, tí ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé parí. Kò gba tírílíọ̀nù kankan, àmọ́ ẹni tó bá ń ná Ìbàdàn mọ̀ pé ara tu wá.

Àbá wa nìyí: kí wọ́n tó fọwọ́ sí títì kankan, kí wọ́n béèrè pé, ‘Bí a ò bá ṣe é lọ́dún yìí, kí ni yóò bàjẹ́?’ Etí òkun lè dúró díẹ̀. Iṣu ò lè dúró. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ẹ̀yin ìyá, bí olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò, ẹ má wo ìrẹsì àti ankárá ọwọ́ ẹ̀. Ẹ ní kó dárúkọ ọ̀nà tó máa kọ́kọ́ ṣe. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹ̀.

Ọjà á tà o.